Ìwé Ńlá tí Ọkọ Mi Fi Kọ́ Gẹ̀ẹ́sì

Ọjọ́ tí ọkọ mi ka Gẹ̀ẹ́sì fún òyìnbó ní Ìpakodò kò lè kúrò lọ́kàn mi. Kò tíì pẹ́ nígbà náà tí àwa ará Èkó tẹ̀dó sí Ẹ̀pẹ́. Òyìnbó kan tó ń ṣòwò ní èbúté Ìpakodò ń wá ẹni tí yóò máa bá a ra epo, tí yóò sì lè ka Gẹ̀ẹ́sì. Ọkọ mi fẹ́ iṣẹ́ náà gan-an. Ó wá ìwé tó nípọn jù lọ rà, ó ní kí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kan máa kà á fún òun, ó sì ń kọ́ ọ sórí bí ẹni ń ké kéwú.

Mo ní, "Bàbá Rábì, kí ni ìwé náà ń sọ?"

Ó ní, "Ìtumọ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn. Ṣebí bí a ṣe kọ́ Kùránì nìyẹn."

Nígbà tí a dé Ìpakodò, òyìnbó na ìwé pélébé kan sí i. Ọkọ mi kò tilẹ̀ wò ó. Ó dijú, ó ń mì síwá sẹ́yìn, ó ń ké ohun tó ti kọ́ sórí nínú ìwé ńlá rẹ̀. Ògbufọ̀ òyìnbó náà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀, ó ní:

"Àlùfáà, àdúrà ìsìnkú àwọn onígbàgbọ́ lẹ ń kà yìí o! Iye epo ni wọ́n ní kí ẹ kà."

Báyìí ni iṣẹ́ náà ṣe bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ náà sú mi. Mo yà sílé Sàró kan níbẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa tó kàwé bọ̀ láti Sìẹ̀rá Líónì, mo gba ìwé tí ọmọ rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́.

"Ìwé ọmọdé?" ni ọkọ mi wí.

"Òun ni ẹ ó kà."

Nínú ọkọ̀ ojú omi tí a wọ̀ padà, ó gba ìwé náà, ó kọ ẹ̀yìn sí mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí a ń wo èbúté Ẹ̀pẹ́ lọ́ọ̀ọ́kán, ó fi ìka sí ọ̀rọ̀ kan lábẹ́ àwòrán nínú ìwé náà, ó rọra ní, "Ewúrẹ́ ni wọ́n kọ síbí." Gẹ̀ẹ́sì àkọ́kọ́ tó yé e nìyẹn.