Wọ́n Ń Pè É Ní Ìyá Ísáákì

Ó ti pẹ́ tí Kòfowórọlá, opó tó ń yan gàrí ní Ìmàsàyí, ti dágbére fún nǹkan oṣù. Lọ́jọ́ kan ó dìde nídìí agbada gàrí, ó rí ẹ̀jẹ̀ lára ìró rẹ̀. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni àfi Àṣìkẹ́, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń gbàdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Àṣìkẹ́ pàtẹ́wọ́. "Olúwa ti sọ ẹ́ di ọmọge padà. Ṣé o ò ka ti Sárà ni?"

"Ọkọ Sárà wà láàyè. Tèmi ti wà nínú ilẹ̀. Àbí láti ọ̀run ni yóò ti máa wá kan ilẹ̀kùn?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Láti ìgbà náà ni Àṣìkẹ́ ti ń pè é ní Ìyá Ísáákì. Kòfowórọlá gbé gàrí lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó fi dúpẹ́. Àṣé ohun tó ń bọ̀ wá pa á ló ń dúpẹ́ lé lórí.

Ísáákì kò dé, ẹ̀jẹ̀ kò sì dá. Nígbà tí òórùn bẹ̀rẹ̀ sí í bá a jókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó lọ rí nọ́ọ̀sì kan ní Ìlaròó, nọ́ọ̀sì ní kó máa lọ sí ọsibítù ńlá ní Abẹ́òkúta. Jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ ni. Dókítà ṣàlàyé pé àyẹ̀wò ti wà báyìí tó ń rí i kó tó di jẹjẹrẹ rárá, tí wọ́n á sì tètè mú un kúrò. Fún irú tirẹ̀ tó ti tàn kálẹ̀, oògùn wà, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń jó o náà wà, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ọ̀hún jìnnà, èrò sì pọ̀ nídìí rẹ̀.

"Ká ní ẹ ti wá nígbà tẹ́ ẹ kọ́kọ́ rí ẹ̀jẹ̀ náà, Màmá..."

Báwo ni yóò ṣe sọ fún un pé ẹ̀rín ni àwọn ń rín nígbà náà?

Ó kó lọ sọ́dọ̀ Ọládọ̀tun ọmọ rẹ̀, akọ̀wé ní Pólì Ìlaròó. Ta ni yóò wo ojú ọmọ rẹ̀ ọkùnrin kó máa dárúkọ ojú ara? Ó ní ọgbẹ́ inú ló ń ṣe òun. Ọládọ̀tun gbà á gbọ́, ó ní kí ìyàwó òun má fi ata sí ọbẹ̀ Màmá mọ́. Bí obìnrin tí jẹjẹrẹ ń jẹ ṣe di ẹni tó ń jẹ ọbẹ̀ aláìláta nìyẹn.

Ní àsìkò náà ni ilé ìwé ránṣẹ́ pé àwọn máa fún àwọn ọmọbìnrin ní abẹ́rẹ́ ọ̀fẹ́ tí ń dènà jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ. Olúwaṣèyífúnmi, ọmọ Ọládọ̀tun, wà lára wọn.

"Ọmọ tèmi kò ní gbà á," ni Ọládọ̀tun wí nídìí oúnjẹ. "Wọ́n fẹ́ fi dí ilé ọmọ wọn pa ni."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ó wà lórí fóònù, Màmá."

"Fóònù bímọ rí?"

Ọládọ̀tun rẹ́rìn-ín. Kòfowórọlá kò rín in. Ó ti abọ́ ọbẹ̀ rẹ̀ sẹ́yìn.

"Dọ̀tun, kí ló ń ṣe mí?"

"Ọgbẹ́ inú."

"Irọ́ ni mo pa fún ẹ. Ilé ọmọ tó o gbé inú rẹ̀ kó o tó wáyé ló ń jẹrà. Jẹjẹrẹ yìí gan-an ni wọ́n ṣe abẹ́rẹ́ yẹn fún. Kò sí nígbà tèmi."

Òkèlè ẹ̀bà dúró lọ́wọ́ Ọládọ̀tun. "Màmá mi, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀."

"Mo ti dákẹ́ tó."

Ọládọ̀tun dìde láìfọwọ́, ó lọ dúró sẹ́yìnkùlé. Kòfowórọlá kò mọ èyí tó dun ọmọ rẹ̀ jù, àìsàn náà ni, tàbí pé ìyá rẹ̀ ló la ẹnu sọ ọ́.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, Ọládọ̀tun fúnra rẹ̀ ló fi ọ̀kadà gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ náà. Lọ́sàn-án, ọmọ náà di apá mú wọlé.

"Ó ń dùn mí, Màmá Àgbà."

"Pẹ̀lẹ́, ìyá mi. Yóò rọ̀."

"Ṣé ẹ̀yin náà máa lọ gba tiyín?"

Kòfowórọlá fà á mọ́ra níbi apá tí kò dùn ún. "Tèmi ti kọjá."

Ata wà nínú ọbẹ̀ ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó sì ta dáadáa. Kò sẹ́ni tó béèrè ìdí. Kòfowórọlá ń jẹ ẹ́, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ọládọ̀tun náà ń nu ojú tirẹ̀. Àwọn méjèèjì ní ata ni.