Ẹ Ò Tíì Dá Mi Lóhùn

Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí ọkọ mi, Ọlábánjí Ọ̀ṣìnúbí, fi ń bi àwọn olóṣèlú ní ìbéèrè lórí tẹlifíṣọ̀n. Bó bá yà ra búrẹ́dì ní Sango, ẹni tó ń tà á á ti pariwo: "Bàbá Oníròyìn, ẹ má bi mí léèmejì o!"

Ìṣe rẹ̀ nìyẹn. Bí olóṣèlú bá ń yí ọ̀rọ̀ po, kì í bá a jà. Á rẹ́rìn-ín músẹ́: "Ẹ ṣeun, Ọ́nárébù. Ẹ ò tíì dá mi lóhùn." Á tún ìbéèrè kan náà bi. Mo ti rí alágbádá tó ń fi omi mímu sá fún un.

Nílé, ó yàtọ̀. Kó tó gba ọ̀nà Èkó láàárọ̀, á dúró lẹ́nu yàrá Pamílẹ́rìn, ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí a bí, á máa pe oríkì rẹ̀: "Àkànní! Dìde, Àkànní mi." Ọmọ yẹn á ti jí, ṣùgbọ́n kò ní dìde àfi tó bá gbọ́ ọ. Nígbà tó gbéyàwó, tó kó lọ sí Ijoko, orí fóònù ni bàbá rẹ̀ ti ń pè é.

Ìgbà tó yá, Pamílẹ́rìn di káńsẹ́lọ̀. Ó ṣèlérí bọ́ọ̀hóòlù fún àdúgbò wa ní Ilo-Awela. Pátákó dé, wọ́n fi àwòrán rẹ̀ sí i. Omi ò dé. Nígbà tí wọ́n pè é wá sórí ètò ọkọ mi, àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ní kí oníròyìn mìíràn fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò, ọkọ mi kọ̀.

"Tí mo bá yẹ ti ọmọ mi sílẹ̀, ojú wo ni n ó fi wo àwọn tó kù?"

Mo ní, "Bàbá Pamílẹ́rìn, ẹ bi í lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ ẹ jẹ́ kó máa lọ."

Ó ní kí n lọ gbàdúrà. Mo gbà á. Bóyá Ọlọ́run náà ń wo tẹlifíṣọ̀n lọ́jọ́ yẹn, kò dá sí i.

"Ọ́nárébù, omi dà?" Ọmọ mi ń ka àwọn ètò ìjọba ìbílẹ̀ lọ bẹẹrẹ. "Ẹ ṣeun, Ọ́nárébù. Ẹ ò tíì dá mi lóhùn." Ó bi í títí ọmọ fi ń wò ó bí ìgbà tó ṣubú ní kékeré, tó ń dúró kí bàbá gbé òun.

Kò wálé mọ́. Bàbá rẹ̀ ń pè é láràárọ̀, kò gbé e. Nígbà tí àìsàn ìgbàgbé wá mú ọkọ mi, mo ránṣẹ́: "Wá, kó tó gbàgbé tìrẹ."

Ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá ló dé, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. "Bàámi, èmi ni. Ẹ pè mí bẹ́ ẹ ṣe máa ń pè mí."

Ọkọ mi tún kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ ṣe, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ káàbọ̀, Ọ́nárébù. Omi dà?"

"Kò sí, Bàámi. A ò gbẹ́ ẹ. Irọ́ ni mo pa." Ó ti ń sunkún.

"Ẹ ṣeun, Ọ́nárébù. Ẹ ti dá mi lóhùn."

Ló bá yíjú sí mi: "Àkànní ò tíì jí ni? Ilẹ̀ ti mọ́."

Ó dìde, ó rọra lọ dúró lẹ́nu yàrá tí kò sẹ́nì kankan níbẹ̀, ó ń pè: "Àkànní! Dìde, Àkànní mi."

Pamílẹ́rìn ń jẹ́ "Bàámi, Bàámi" láti ilẹ̀ tó dọ̀bálẹ̀ sí. Ọkọ mi ò bojú wẹ̀yìn. Ó tẹ́tí sí yàrá, ó tún pè é.