Ṣẹ́ẹ̀tì Tíṣà Lẹ́yìn Ilẹ̀kùn Ọ̀gá Omi

Kò sí alágbàfọ̀ tí kì í wọ aṣọ oníbàárà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín jẹ. Èyí tó bá ń búra pé òun kì í ṣe é, ẹ wo ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú, ẹ ó rí i pé ó gùn jù ú lọ. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Gúnrégé nítorí ìlà tí àyọ́nù rẹ̀ máa ń fà sójú ṣòkòtò, kì í fẹ́ gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Á ní ti àwọn yòókù nìyẹn, pé òun kì í fi ohun olóhun ṣe fújà. Èmi tí mò ń rán bọ́tìnnì ní igun ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ á tẹrí ba, n óò máa rẹ́rìn-ín sínú, torí èmi ni mo máa ń bá a fa kọ́là aṣọ olówó aṣọ tọ́ kó tó jáde.

Olè kọ́ o. Á fọ̀ ọ́, á lọ̀ ọ́, á wọ̀ ọ́ lọ síbi tó ń lọ, á tún un fọ̀, á sì fi lé olówó rẹ̀ lọ́wọ́ ní mímọ́ tónítóní. Iyì lásán ló ń wá nínú rẹ̀. Alágbàfọ̀ tó bá wọ àkísà lọ kan ilẹ̀kùn ilé ńlá, ajá ni wọ́n á kọ́kọ́ tú sí i.

Ṣọ́ọ̀bù náà kò ju yàrá kan lọ, pẹ̀lú tábìlì tí bùláńkẹ́ẹ̀tì tó ti jóná lójú púpọ̀ bò, àyọ́nù eléèédú méjì, bàsíà sítáàṣì, àti okùn tó gba abẹ́ àjà kọjá débi pé àbẹ̀rẹ̀ là ń bẹ̀rẹ̀ wọlé. Kí aṣọ má baà dàrú mọ́ra wọn, ó máa ń fi òwú pupa rán àmì sínú ọrùn aṣọ oníbàárà kọ̀ọ̀kan. Ti ẹlòmíràn jẹ́ ìlà méjì, ti ẹlòmíràn jẹ́ àgbélébùú, ti Tíṣà sì jẹ́ òbìrìkìtì kékeré tó ní ẹsẹ̀ kan. Kò mọ̀wé, orí ni gbogbo rẹ̀ wà.

Tíṣà yìí ti jẹ́ olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kí ìjọba tó lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́ nítorí ohun tó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun nìkan ló máa ń wọ̀. Tó bá wá gba aṣọ, á jókòó sórí bẹ́ǹṣì wa, ọ̀rọ̀ á bẹ̀rẹ̀, àwọn èèyàn á sì máa dúró lẹ́nu ọ̀nà láti gbọ́. Ọ̀pọ̀ ohun tó ń sọ kò yé mi, àmọ́ èyí tó sọ lọ́jọ́ kan yé gbogbo wa.

Ó ní, "Ìjọba ò ju alágbàfọ̀ lọ. Aṣọ wa la kó fún un pé kó bá wa tọ́jú, kì í ṣe tiẹ̀. Ọjọ́ tó bá ti gbé e wọ̀, tó wá ń fi yan kiri lójú wa, ká bọ́ ọ lọ́rùn ẹ̀ ló kù."

A rẹ́rìn-ín. Ó wá nawọ́ sí ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ó ní ẹ wo ọkùnrin yìí, ó ti pẹ́ tí òun ti ń gbé aṣọ wá fún un, kò wọ ẹyọ kan níbẹ̀ rí, pé tí a bá rí irú rẹ̀ mẹ́wàá fi ṣe ìjọba, ìlú á tòrò. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi tẹ orí mọ́ àyọ́nù. Èmi náà ń wo bọ́tìnnì. Ta ni yóò bá a jiyàn lórí irú ìyìn bẹ́ẹ̀?

Ọ̀rọ̀ náà kúrò lórí bẹ́ǹṣì wa, ó dé ọ̀dọ̀ onígbàjámọ̀, ó dé ọ̀dọ̀ àwọn mẹkáníìkì. Kò pẹ́ tí a fi rí i tí wọ́n fi ẹ̀fun kọ ọ́ sára ògiri káàkiri: Ẹ BỌ́ AṢỌ WA.

Àwọn ọ̀mọ̀wé á ní ebi ló ń fa ọ̀tẹ̀. Èmi kò gbà. Tó bá jẹ́ ebi ni, ìlú wa ì bá ti gbiná láyé ìyá ìyá mi. Ohun tó fa tiwa ni pé wọ́n ṣe ẹ̀rọ omi fún wa, omi ń yọ, ara wa mọ́ ọn, àwọn ọmọ wa gbàgbé ọ̀nà odò, ni omi bá dáwọ́ dúró lọ́jọ́ kan. Ní òkè lọ́hùn-ún níbi tí àwọn ìjòyè ìjọba ń gbé, òdòdó ni wọ́n ń bomi rin. Ìyà tí èèyàn ti ń jẹ bọ̀ á máa ṣe é bí ohun tí Ọlọ́run kọ mọ́ ọn. Èyí tí wọ́n bá gbà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn tó ti tọ́ ọ wò, ìyẹn ni kì í gbàgbé. Bẹ́ǹṣì Tíṣà kàn bá wa wá orúkọ fún ìbínú wa ni.

Alágbàfọ̀ tí kò rómi, ọwọ́ dílẹ̀, ẹnu dílẹ̀. Oníbàárà ẹ̀gbọ́n ìyá mi kan ni ọ̀gá ilé-iṣẹ́ omi, tí a ń pè ní Ọ̀gá Omi. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí òun máa wá fọṣọ ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, ìyẹn sì gbà. Kí ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà má baà yọ ọ́ lẹ́nu, ṣẹ́ẹ̀tì Tíṣà ló máa ń wọ̀ lọ. Tó bá débẹ̀, á bọ́ ọ, á fi kọ́ ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná, á wá wọ àkísà tó fi ń fọṣọ.

Ibẹ̀ ló wà láàárọ̀ ọjọ́ tí ìbọn dún. Àwọn obìnrin àdúgbò wa ti gbé garawa òfìfo yí ẹ̀rọ omi ká, wọ́n jókòó, wọ́n ní àwọn kò ní dìde títí omi yóò fi yọ. Ọlọ́pàá kan yìnbọn, ìyá oníbúrẹ́dì kan láàárín wọn ṣubú. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi fo ògiri ẹ̀yìnkùlé pẹ̀lú àkísà lára, ó sáré wálé wá wò wá. Ṣẹ́ẹ̀tì wà lórí ìṣó.

Ohun tó tẹ̀ lé e yá ju bí mo ṣe lè rò ó lọ. Wọ́n kó ṣọ́jà wá. Ọmọ irú àwọn obìnrin wọ̀nyẹn ni àwọn ṣọ́jà náà. Ọ̀kan sọ ìbọn rẹ̀ kalẹ̀, èkejì wò ó, òun náà sọ ọ́ kalẹ̀. Ìjọba kì í wó lọ́jọ́ tí aráàlú bínú. Ọjọ́ tí ẹni tó di ìbọn mú bá wo ojú ẹni tó fẹ́ yìn ín fún ló ń wó. Olórí ìlú sá lọ, Ọ̀gá Omi náà sá, wọ́n ní omi tó fẹ́ fi po tíì ṣì ń hó lórí sítóòfù rẹ̀. A jó, a sunkún ayọ̀. Wọ́n fi Tíṣà sínú ìgbìmọ̀ tuntun, omi sì padà sẹ́nu ẹ̀rọ. Nínú ayọ̀ yẹn, Tíṣà kò rántí ṣẹ́ẹ̀tì kan, ẹ̀gbọ́n ìyá mi kò sì rán an létí.

Ohun tó wà lẹ́yìn ọ̀fà, ó ju òje lọ. Búrẹ́dì wọ́n sí i. Ìgbìmọ̀ pín sí méjì: àwọn Tíṣà ní ká ṣe é pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí adájọ́ gbọ́ ẹjọ́ olúkúlùkù, àwọn ọ̀dọ́ ní ìdọ̀tí tí a kò gbá dé igun yóò tún kún ilé. Àwọn ọ̀dọ́ yìí pe ara wọn ní Agbálẹ̀, wọ́n so ọ̀já funfun mọ́ apá. Akẹ́kọ̀ọ́ Tíṣà nígbà kan rí ni olórí wọn, òun ló máa ń bá a gbé báàgì. Nígbà tí wọn kò rí ọ̀tá níta mọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá a nínú ilé.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ló kọ́kọ́ bá wọn wá ọ̀kan. Wọ́n mú ọkùnrin kan tó wọ aṣọ àgbẹ̀, tó ń búra pé àgbẹ̀ lòun. Wọ́n rí kóòtù kan nínú igbó nítòsí rẹ̀, wọ́n gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù wa. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi yẹ ọrùn kóòtù náà wò, ó ní ti ọ̀gá ẹ̀wọ̀n ni. Òun náà ni lóòótọ́, ìkà èèyàn tó ti fi ojú ọ̀pọ̀ ìyá rí màbo. Wọ́n gbé ẹ̀gbọ́n ìyá mi sórí èjìká. Ẹnì kan bi í ní gbangba bóyá aṣọ kì í dàrú tàbí kí ẹlòmíràn wọ̀ ọ́, ló bá yọ àyà síta.

Ó ní, "Àmì mi kì í parọ́. Aṣọ tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù mi, ọrùn ẹni tó ni ín nìkan ló ń padà sí."

Ìyá mi ń fi ojú pè é pé kó dákẹ́. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Ọ̀sán gangan lọ́jọ́ kan ni àwọn Agbálẹ̀ tún wá, olórí wọn fúnra rẹ̀ ló ṣáájú. Ó ká aṣọ kan mọ́wọ́ tó fi jẹ́ pé ọrùn rẹ̀ nìkan ló hàn. Ó kí wa dáadáa, ó ní Bàbá, ẹ bá wa wo èyí. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi kò tilẹ̀ gbé àyọ́nù kalẹ̀.

"Ti Tíṣà ni," ló wí, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́, bí ẹni tí wọ́n bá wá ohun tó sọ nù rí.

Ìgbà náà ni olórí wọn tú aṣọ náà ká, ó ní ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná Ọ̀gá Omi ni àwọn ti rí i. Ó ní ó ti pẹ́ tí àwọn ti fura pé ẹnì kan ń lọ sọ ohun tí à ń rò fún ìjọba àná, pé ẹni tó bá lè bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì kọ́ nílé èèyàn, ọmọ ilé ni. Mo rí i tí ojú ẹ̀gbọ́n ìyá mi yí padà.

"Èmi ni mo wọ̀ ọ́ lọ síbẹ̀," ló wí lójú ẹsẹ̀.

Olórí Agbálẹ̀ rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ẹ̀rín ìkà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ti àánú. Ó ní, "Bàbá, a mọ̀ pé ọ̀rẹ́ yín ni. Àmọ́ ẹ̀yin náà lẹ sọ níta gbangba pé àmì yín ò kí ń parọ́."

Mo dìde nídìí abẹ́rẹ́, mo ní òótọ́ ló ń sọ, pé èmi fúnra mi ni mo bá a fa kọ́là aṣọ náà tọ́ láàárọ̀ ọjọ́ tí ìbọn dún. Wọ́n ní ẹbí ni mí, kí ni n óò sì sọ. Wọ́n lọ. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi sá tẹ̀ lé wọn lójú pópó, ó ń ké ohun tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ pa mọ́: mo wọ kóòtù lọ́yà, mo wọ ṣòkòtò onígbàjámọ̀, aṣọ gbogbo yín ni mo ti wọ̀. Àwọn tó ni aṣọ dúró lẹ́nu ọ̀nà wọn, wọ́n ń mi orí, wọ́n ní ẹ ò rí ìfẹ́ bí. Ó ti bọ́, aṣọ kò bá Ọmọ́yẹ mọ́.

Ilé sinimá ni wọ́n ti gbọ́ ẹjọ́ Tíṣà. A jókòó sórí àga tí a ti ń wo eré, òun náà jókòó lókè níwájú aṣọ funfun tí àwòrán máa ń hàn sí. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi bẹ̀ wọ́n títí wọ́n fi jẹ́ kó sọ̀rọ̀. Ó ro gbogbo rẹ̀, omi, ẹ̀ṣọ́, ìṣó, ògiri tó fò, kò fi nǹkan kan pa mọ́. Nígbà tó parí, olórí Agbálẹ̀ yíjú sí olùkọ́ rẹ̀ àtijọ́, ó bi í bóyá òótọ́ ni pé ọkùnrin yìí máa ń wọ aṣọ rẹ̀. Gbogbo wa mọ̀ pé tó bá lè ní bẹ́ẹ̀ ni, tàbí kó ní bóyá, wọ́n lè dá a sí.

Tíṣà wo ẹ̀gbọ́n ìyá mi pẹ́. Mo rò pé lójú tirẹ̀, àwọn Agbálẹ̀ ló jí aṣọ gbé ní ṣọ́ọ̀bù lọ kọ́ síbẹ̀, pé alágbàfọ̀ yìí sì ń na ọrùn ara rẹ̀ fún ọ̀bẹ dípò tòun.

Ó ní, "Ẹ jẹ́ kó máa lọ sílé. Kò wọ aṣọ mi rí. Torí kí n lè yè ló ṣe ń ba ara ẹ̀ jẹ́. Tẹ́ ẹ bá ti gbàgbé bí olóòótọ́ ṣe ń rí, ẹ wò ó dáadáa."

"Tíṣà, mo wọ̀ ọ́," ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi ń wí, "ẹ jọ̀ọ́, mo wọ̀ ọ́." Wọ́n mú un jáde pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Wọ́n yìnbọn pa Tíṣà lọ́jọ́ kejì lẹ́yìn ilé-iṣẹ́ bíríkì.

Pàṣán tí a fi na ìyálé, ó wà lájà fún ìyàwó. Olórí Agbálẹ̀ náà jókòó níwájú aṣọ funfun yẹn kí ọdún tó yí po, àwọn èèyàn rẹ̀ ló gbé e síbẹ̀. Lẹ́yìn wọn, ṣọ́jà kan gbàjọba, ó ní òun fẹ́ kí ìlú sinmi, ó sì rẹ̀ wá débi pé a pàtẹ́wọ́. Omi ń yọ nígbà tó bá wù ú. Nígbà tí ara rọ̀ díẹ̀, àdúgbò wá sọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi di akọni, ọkùnrin tó dojú kọ Agbálẹ̀ nígbà tí gbogbo wa panu mọ́. Kò wọ aṣọ oníbàárà mọ́, àkísà rẹ̀ ló ń wọ̀ lọ síbi gbogbo, wọ́n ní ìrẹ̀lẹ̀ ni. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ẹni tó pa òwe yẹn kò gbé àdúgbò wa.

Ìyàwó Tíṣà lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ lẹ́yìn ikú ọkọ rẹ̀, ó pẹ́ kó tó padà. Ọjọ́ tó dé, ó wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó ní òun wá dúpẹ́. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní kó jókòó. Ó sọ fún un pé ọpẹ́ kò tọ́ sí òun, ó tún gbogbo rẹ̀ rò fún un. Mo bá a jẹ́rìí sí i. Obìnrin náà jẹ́ kó sọ ọ́ tán, ó di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀.

Ó ní, "Wọ́n jẹ́ kí n rí i kí wọ́n tó mú un lọ. Ó ní ẹ máa sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Ó ní kí n bẹ̀ yín, kẹ́ ẹ má parọ́ mọ́ ara yín mọ́ torí òun."

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi kò sọ òótọ́ náà fún ẹnikẹ́ni mọ́ títí ó fi kú.