Àpò Ẹyin Aláǹtakùn Lára Ògiri Ìyá Àgbà

Ọ̀dà ni wọ́n fi kun ògiri ilé tí mo ń gbé ní àdúgbò Komah báyìí, síbẹ̀ aláǹtakùn kò yéé yé ẹyin sí i. Bí mo bá rí àpò ẹyin rẹ̀, n kì í lè fi ìgbálẹ̀ kàn án láìyẹ̀ ẹ́ wò. Ìyá àgbà mi ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀ nílùú wa, Kambolé, àárò wọn sì ń sọ mí gan-an.

Wọ́n ní èyí tó rí roboto bí ẹ̀gbọ̀n òwú, tó so rọ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ti aláǹtakùn ni. Èyí tó funfun, tó tẹ́ pẹlẹbẹ mọ́ ògiri, tirẹ̀ náà ni. Èyí tí wọ́n fi amọ̀ mọ, ilé agbọ́n ni, kí n yáa gbọ́wọ́ mi kúrò níbẹ̀. Bí àpò bá níhò, àwọn ọmọ ti jáde, a lè gbá a dànù. Bí kò bá níhò, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, nítorí aláǹtakùn ló ta okùn bo ẹnu ihò àpáta lọ́jọ́ tí àwọn ọ̀tá ń lépa Ànábì, òjíṣẹ́ Ọlọ́run, tó sá pamọ́ síbẹ̀.

Lọ́dọọdún, kí ààwẹ̀ tó wọlé, a máa ń fi amọ̀ pupa rẹ́ ògiri yàrá Ìyá àgbà. Ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì, èmi ló ń bá wọn wò ó. Wọn á béèrè pé, "Ó níhò àbí kò níhò?" Èyí tí mo bá ní kò níhò, a ó rẹ́ amọ̀ yí i ká, ògiri á wá dà bí orí tó ní làpálàpá. Iṣẹ́ yìí dùn mọ́ mi débi pé mo fi ń fọ́nnu fún àwọn ẹgbẹ́ mi.

Lọ́dún kan, ọkọ̀ oníṣu tó fẹ́ gbé èmi àti àwọn ẹgbẹ́ mi lọ sọ́jà Tchamba ń fọn fèrè níta. Àpò kan ṣoṣo ló kù. N kò tilẹ̀ wò ó. Mo ní, "Ó níhò, Ìyá àgbà," mo rẹ́ amọ̀ lé e, mo sáré jáde.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ yóò bá a. Tèmi kò ju ọ̀sán kan lọ. Nígbà tí mo fi dé, Ìyá àgbà ti fọwọ́ pa ògiri náà kiri, wọ́n sì ti fi èékánná họ amọ̀ kúrò. Àpò náà wà ní àtẹ́lẹwọ́ wọn, ó ti rin gbingbin, kò sì níhò kankan. Mo kúnlẹ̀. Wọ́n ní kí n lọ jẹun. Ká ní wọ́n bú mi ni, ì bá sàn fún mi.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, mo wo àpò tí a bá lára ògiri dáadáa, díẹ̀ ló kù kí imú mi kan ògiri.

"Ìyá àgbà, èyí kò níhò o."

"O ṣeun, ọmọ mi."

Wọ́n wá rọra tì mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n sì fi ìka ara wọn yẹ̀ ẹ́ wò.