Koríko Ìṣẹ́jú Mẹ́fà

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí Hoyt Pruitt ṣe fẹ́ràn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kọ́lẹ́ẹ̀jì Chewalla tó, kó lọ bi àwọn tó ń ra gáàsì ìdáná lọ́wọ́ rẹ̀ ní Coffey Ford. Ọkọ̀ gáàsì ló ń wà láti ilé dé ilé ní apá ibí yìí ní Alabama, kò sì sí ilé tó dúró sí tí kì í sọ ìtàn kan náà kó tó tú rọ́bà gáàsì sílẹ̀. Ìtàn Ìṣẹ́jú Mẹ́fà ni. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n sẹ́yìn, àwọn Wexler ti ń fi ayò mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n sí mẹ́wàá na Àwọn Ìbaaka wa, ìyẹn ẹgbẹ́ Chewalla, ìyà ọ̀hún ti wọ egungun, ó ku ìṣẹ́jú mẹ́fà kí eré tán. Àfi bí àwọn ọmọ náà ṣe jí dìde bí ẹni tí wọ́n da omi tútù lé lórí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n gbé bọ́ọ̀lù mọ́ àyà sáré wọlé, ayò méje lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù níbí, wọ́n sì jáwé olúbórí pẹ̀lú ayò mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Èrò ya wọ pápá. Wọ́n wó òpó góòlù, wọ́n ń já koríko pápá tòun ti erùpẹ̀, wọ́n ń kó o sínú fìlà lọ sílé.

Hoyt a máa sọ ọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ìyá arúgbó á gbé àga jáde síta. Á sọ bí bàbá òun, Otha, ṣe so mọ́ òun lọ́rùn tó ń sunkún. Á sọ bí òun ṣe fi ọ̀bẹ gé koríko tó wà lẹ́bàá àpótí lẹ́tà níwájú ilé òun títí dòní. Àwọn èèyàn ti gbé ọmọ ìkókó lé koríko yẹn lórí ya fọ́tò. Ìtàn náà dùn, mi ò ní purọ́. Hoyt ló purọ́, torí kò sí níbẹ̀.

Kí ẹ tó lè mọ bí irọ́ náà ṣe wúwo tó, ẹ gbọ́dọ̀ mọ Otha. Káfíńtà ni, díákónì sì ni nínú ìjọ Onítẹ̀bọmi wa, ẹni tó jẹ́ pé bó bá ní òjò rọ̀, ẹ ò ní yọjú wòta. Hoyt pé ọmọ ọdún mẹ́fà nígbà tí bàbá rẹ̀ kọ́kọ́ mú un gun àtẹ̀gùn méjìléláàádọ́rin ní pápá Chewalla, tó fún un ní ẹ̀pà sísè nínú àpò bébà, tó sì kọ́ ọ ní òfin kan ṣoṣo tó ní: a kì í dìde kí aago tó tán. Òjò ì báà máa lù wọ́n, kí wọ́n ti na àwọn Ìbaaka ní ogójì sí òdo, Otha ò ní mira. Nígbà tí Hoyt kékeré bá ní òun fẹ́ lọ sílé, bàbá á ní, "Àwọn ọmọ tó wà nísàlẹ̀ yẹn ò lè lọ sílé. Kí ló dé tí ìwọ fẹ́ lọ?"

Ọ̀rọ̀ ńlá nìyẹn. Àwa tá a ń tẹ̀ lé ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù kiri, a máa ń sọ pé "a nà wọ́n", "wọ́n nà wá", bẹ́ẹ̀ a ò fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù rí. Ẹgbẹ́ ò ní ká sáré, kò ní ká fi orí gba orí. Ìjókòó nìkan ló ń béèrè lọ́wọ́ wa, òun náà sì ni Hoyt ò lè ṣe lọ́jọ́ tó yẹ kó ṣe é.

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógójì ni lọ́jọ́ náà, òtútù mú un, inú ń bí i, afárá odò ló sì ń rò, nítorí gbogbo ọkọ̀ ló máa gba orí ẹ̀ padà. Ó dìde.

"Bàbá, ẹ jẹ́ á máa lọ kí ọkọ̀ tó dí afárá."

"Aago ò tíì tán."

"Ó ti tán, Bàbá. Ẹ wo pátákó. Èmi ni mo ń wakọ̀, mo sì ti ń lọ."

Ojú Otha ti ń ṣe bàìbàì nígbà yẹn, kò lè wakọ̀ mọ́. Ó ká bùláńkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó gbé àpò ẹ̀pà, ó tẹ̀ lé ọmọ rẹ̀. Ní gbogbo ibi tí àtẹ̀gùn ti yà ló ń bojú wẹ̀yìn. Wọ́n ti ré afárá kọjá kí rédíò tó kéde pé àwọn Ìbaaka ti wọlé lẹ́ẹ̀kíní. Nígbà tí wọ́n kéde ẹlẹ́ẹ̀kejì, Hoyt yà sí ilé epo, ó pa ẹ́ńjìnnì. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta, wọn ò dúró de rédíò: igbe èrò ré odò kọjá wá bá wọn nínú ọkọ̀. Hoyt ò lè wojú bàbá rẹ̀. Otha di àpò ẹ̀pà mú lórí itan, kò bú u, kò ṣépè. Ó ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọmọ náà."

Ká ní ibẹ̀ ló parí sí, ohun ẹ̀rín ni ì bá jẹ́ lónìí. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìsìn, Verlon Strood dá wọn dúró níwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Verlon yìí àti Otha ti jọ ń pẹja láti kékeré, wọ́n jọ jẹ́ díákónì, wọ́n jọ kan ọkọ̀ ojú omi kan fúnra wọn. Ìyàwó Verlon ló ń ṣàìsàn lọ́jọ́ eré, kò lè kúrò nílé.

"Hoyt, ẹ wà níbẹ̀? Ẹ wà níbẹ̀ lóòótọ́?"

Ogún èèyàn ló yí wọn ká. Hoyt la ẹnu kó sọ òótọ́, ohun tó jáde ni, "A wà níbẹ̀, sà. Orí pápá gan-an la sọ̀ kalẹ̀ sí. Mo gé koríko bọ̀."

Verlon rẹ́rìn-ín, ó yíjú sí ọ̀rẹ́ rẹ̀. "Otha, ṣé òótọ́ lọmọ yìí ń sọ?"

Otha wo ọmọ rẹ̀. Hoyt ò gbàgbé ìwò yẹn dòní. Kì í ṣe ìwò ìbínú, ti ẹni tó ń wo ọmọ tó já sódò ni. Ó ní, "Òótọ́ ni."

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Hoyt lọ hú koríko lẹ́yìn ọgbà iléeṣẹ́ gáàsì, níbi tí epo mọ́tò ti ń kán sílẹ̀, ó gbìn ín sẹ́bàá àpótí lẹ́tà. Láti ìgbà náà, bí Otha bá wá kí wọn, ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ló ń gbà wọlé.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni Otha dìde nínú ìpàdé ìjọ, ó fi ipò díákónì sílẹ̀. Ó ní orúnkún òun ò gbé òun mọ́. Orúnkún tó ń gun àtẹ̀gùn méjìléláàádọ́rin ní gbogbo Sátidé. Àṣà ìjọ wa ni pé díákónì ò gbọdọ̀ jẹ́ ẹlẹ́nu méjì, Hoyt sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀ ohun tí bàbá rẹ̀ ń ṣe. Ìlú ò mọ̀. Oṣù yẹn gan-an ni wọ́n fi Verlon ṣe olórí àwọn díákónì, ìlú bá ní ìlara ni. Verlon gbọ́, ó gbà á gbọ́, ó dùn ún dọ́kàn. Láti ọjọ́ náà, "ẹ káàárọ̀" àti "ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta" ló kù láàárín wọn. Hoyt ń wò wọ́n lọ́jọ́ ìsinmi gbogbo, bàbá rẹ̀ ní ìjókòó ẹ̀yìn, Verlon níwájú, gbólóhùn kan ṣoṣo ló sì máa tún un ṣe. Kò sọ ọ́. Ìtàn tí ń mú àwọn arúgbó gbé àga jáde ló ń sọ kiri.

Ẹ̀ẹ̀kan péré ló gbìyànjú. Wọ́n ń ti ibi eré bọ̀, ó ní, "Bàbá, ọ̀rọ̀ díákónì ìjọ́sí yẹn..." Otha nawọ́, ó yí ohùn rédíò sókè.

Oṣù kọkànlá tó kọjá yìí ni Otha kú, ní ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rùn-ún. Lọ́jọ́bọ̀, Pásítọ̀ Tolliver wá sílé. Ọ̀dọ́ ni, ẹ̀rù Ọlọ́run ń bà á, ó sì fẹ́ràn àwọn Ìbaaka.

"Arákùnrin Hoyt, ìjọ ti fẹnu kò. Ẹ bu díẹ̀ nínú koríko Ìṣẹ́jú Mẹ́fà, kẹ́ ẹ fọwọ́ ara yín gbé e lé sàréè Bàbá."

Hoyt ní, "Pásítọ̀, koríko yẹn... koríko lásán ni."

Omi lé ròrò sójú pásítọ̀. "Ẹ ò rí i bí ẹ ṣe rẹ ara yín sílẹ̀? Bí Bàbá náà ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn." Ó gbàdúrà, ó jẹ àkàrà òyìnbó, ó lọ.

Marvelle, ìyàwó Hoyt, ti ń gbọ́ láti ilé ìdáná. Òun nìkan ló mọ̀, torí òun ló fọ ṣòkòtò elépo tí Hoyt wọ̀ lọ hú koríko. Ó ní, "Tó o bá sọ ọ́, o pe bàbá ẹ ní òpùrọ́ níwájú pósí ẹ̀. Tó ò bá sọ ọ́, irọ́ lo fi bò ó mọ́lẹ̀. Mi ò mọ èyí tó sàn, Hoyt, mi ò tan ẹ́." Ó gbé abọ́ páànù kan fún un. "Èyí tí mo fi ń yan tòlótòló ni o. Kó má ṣègbé sí itẹ́ òkú."

Sátidé ni wọ́n sin ín. Níbi tiwa, ẹni tó bá sìnkú ní Sátidé oṣù kọkànlá mọ̀ pé Ọlọ́run nìkan ló máa fọkàn sí i. Aago méjì àbọ̀ ni Chewalla máa gbá bọ́ọ̀lù, gbogbo ìjọ ló mọ̀, pásítọ̀ gan-an sì ti gé ìwàásù sí ìlàjì. Wọ́n gbé pósí dé etí ihò. Verlon wà níbẹ̀, ó jókòó bí àlejò lórí àga tó jìnnà sí ti ẹbí, ó fọwọ́ lé ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀. Pásítọ̀ mi orí sí Hoyt. Hoyt gbé abọ́ tòlótòló síwájú, koríko inú rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, àwọn kan ti yọ fóònù láti ya fọ́tò.

Ó ní, "Ẹ dákun. Kì í ṣe koríko Chewalla nìyí. Ẹ̀yìn iléeṣẹ́ gáàsì ni mo ti hú u."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, ó rò pé ẹ̀fẹ̀ ni. Hoyt ò rẹ́rìn-ín. Ó sọ gbogbo ẹ̀: afárá, ilé epo, igbe tó ré odò kọjá. Ó ní, "Bàbá ò fẹ́ dìde. Èmi ni mo mú wọn kúrò."

Ìyá Eula Crabtree, tí kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ṣubú, ní, "Ṣùgbọ́n Otha fẹnu ara ẹ̀ sọ pé òun wà níbẹ̀. Mo wà nídùúró níbẹ̀ lọ́jọ́ náà."

Ibi tó ń bà á lẹ́rù nìyẹn. Ojú tì í débi pé etí rẹ̀ ń hó. "Ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n sọ ọ́, mà. Àṣírí mi ni wọ́n fi bò. Nítorí gbólóhùn yẹn ni wọ́n ṣe gbé ipò díákónì sílẹ̀. Wọ́n rí i pé ẹnu àwọn ò mọ́ mọ́. Kì í ṣe orúnkún, kì í sì í ṣe..." Ó wo Verlon, kò lè parí ẹ̀.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Wọn ò sọ bí ojú ẹni tí wọ́n bá ṣe máa ń rí. Pásítọ̀ sáré ṣe oore-ọ̀fẹ́. Àwọn èèyàn rọra ń túká, àwọn kan fọwọ́ kan èjìká Hoyt, àwọn kan yí i ká kọjá. Ọkùnrin kan dúró níwájú rẹ̀, ó ní, "Fọ́tò ọmọ mi wà lára ògiri wa lórí koríko yẹn," ó sì lọ. Marvelle lọ síbi oúnjẹ nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ó fi í sílẹ̀ kó dá wà. Láìpẹ́, ìró bọ́ọ̀lù ti ń jáde látinú rédíò ọkọ̀ tó ń lọ.

Àwọn òṣìṣẹ́ méjì bẹ̀rẹ̀ sí í kó erùpẹ̀ dà sí ihò. Ìgbà yẹn ni Hoyt rí i pé Verlon ò tíì dìde. Ó sún mọ́ ọn.

"Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n," ni Verlon wí, kò wò ó. "Ọkọ̀ ojú omi wa ti jẹrà lẹ́yìn ilé mi."

"Mo mọ̀, sà."

"O mọ̀. Ìyẹn ló burú jù nínú ẹ̀. O mọ̀."

Hoyt ní, "Ẹ jẹ́ kí n gbé yín lọ sílé, sà. Òtútù ti ń mú, eré sì ti bẹ̀rẹ̀."

Verlon fi ọ̀pá rẹ̀ nà sí àga òfìfo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Àwọn yẹn ò tíì kó erùpẹ̀ tán. Jókòó."

Hoyt jókòó, abọ́ koríko lórí itan rẹ̀, kò sì dìde títí wọ́n fi kó o tán.