Ọ̀gbun Ẹ̀yìn Kíláàsì

Òórùn ilẹ̀ pupa tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí, tó dàpọ̀ mọ́ ti ṣọ́ọ̀kì, ni mo fi ń rántí ilé-ìwé wa lọ́nà Ajílété. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe tíṣà rí ní Yewa, ẹ ó mọ òórùn náà. Lẹ́yìn kíláàsì mi, àgbàrá ti gbẹ́ ọ̀gbun kan. Ó ti pẹ́ níbẹ̀ débi pé a kò kà á sí mọ́; ewúrẹ́ ń jẹ̀ létí rẹ̀, àwa náà ń da pàǹtí sí i.

Nígbà tí wọ́n fún wa ní kọ̀ǹpútà alágbèéká kan, tí wọ́n ní kí n fi àtẹ inú rẹ̀, sípírẹ́ẹ̀dì-ṣíìtì, kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, mo wá ohun tó wà nítòsí tí a lè wọ̀n. Ọ̀gbun ló wá sí mi lọ́kàn. Ní gbogbo ọjọ́ Ajé, àwọn ọmọ á fi téèpù wọn ilẹ̀ láti etí ọ̀gbun dé ara ògiri, wọ́n á tẹ iye rẹ̀ sínú àtẹ, kọ̀ǹpútà á sì fa ìlà. Eré la pè é. Ìlà ń sọ̀ kalẹ̀, àwọn ọmọ ń pàtẹ́wọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo fi hàn wọ́n bí a ṣe ń mú kí àtẹ náà sọ ohun tí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ máa jẹ́, bí nǹkan bá ń lọ bó ṣe ń lọ. Ọmọbìnrin kan tọ́wọ́ rẹ̀ yá ló tẹ̀ ẹ́. Nọ́ńbà ń dínkù, ó ń dínkù, ó di òdo kí òjò ọdún náà tó parí.

"Sà, orí afẹ́fẹ́ la máa jókòó sí o!" ni ọmọkùnrin kan wí.

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n ṣe wo ojú mi, tí wọ́n sì wo ògiri, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rín náà ń kú lẹ́nu wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Mo gbé kọ̀ǹpútà náà tọ ọ̀gá ilé-ìwé lọ.

"Bàbá, ẹ̀rọ ti di wòlíì nìyẹn? Ẹ má fẹnu yín pè é o!" ni ọ̀gá wí.

"Ọ̀gá, n ò pè é. Ó ń bọ̀ fúnra rẹ̀ ni."

Ẹ̀rù méjì ló ń bá mi jà: kí ògiri wó lu àwọn ọmọ, àti kó má wó, kí n di ẹni yẹ̀yẹ́ nígbà tí ìfẹ̀yìntì mi ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Ti àwọn ọmọ ló borí. Mo bẹ bàbá ìjọ, ó yá wa ní ṣọ́ọ̀ṣì tó wà ní òdìkejì ọ̀nà, mo sì kó àwọn ọmọ lọ síbẹ̀. Ni òjò bá dá. Oòrùn ń ràn yòò, àwọn tíṣà ẹgbẹ́ mi ń pè mí ní "Wòlíì Kọ̀ǹpútà". Ọ̀gá ní tó bá di ọjọ́ Ajé, kí n kó àwọn ọmọ padà.

Ọjọ́bọ̀ ni òjò dé pẹ̀lú ìjì. A wà lórí ìṣirò nígbà tí a gbọ́ ọ, bí ìgbà tí típà bá da iyanrìn sílẹ̀. Ilẹ̀ mì lẹ́sẹ̀ wa. A sáré dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì: ògiri ẹ̀yìn kíláàsì wa ti lọ, òrùlé ti tẹ̀, bẹ́ǹṣì tó kẹ́yìn ò sí mọ́. Ọmọbìnrin yẹn di aṣọ mi mú.

"Sà, èmi ni mo tẹ̀ ẹ́. Ṣé èmi ni mo pè é wá?"

"Rárá, ọmọ mi. O rí i ni."

Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ wa pé ká má fẹnu pe ibi, mo sì ti gbà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ṣùgbọ́n ojú wa ti mọ́ ọ̀gbun yẹn débi pé ẹ̀rù rẹ̀ ò bà wá mọ́. Àtẹ yẹn ló dá ẹ̀rù náà padà fún wa, ẹ̀rù náà ló sì kó wa jáde. Láti ìgbà náà, bí ọmọdé bá ní ẹ̀rù ń ba òun, n kì í sọ fún un pé kó má bẹ̀rù. Mo máa ń bi í léèrè ohun tó rí.