Hàntú Inú Táńkì Epìyà Àlímọ̀t

Ẹja epìyà ni Àlímọ̀t ń sìn ní ẹ̀yìnkùlé agbo-ilé wọn ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ máa ń rẹ́rìn-ín, pé níbi tí ọ̀sà yí ká, èèyàn tún ń sin ẹja nínú sìmẹ́ńtì. Òun náà á ní ẹja ọ̀sà ò mọ ẹni tó ni ín, ti òun mọ ohùn òun.

Táńkì mẹ́ta ló ní. Ẹja tí àwọn ilé oúnjẹ Ìkòyí ń wá kó láàyè ló wà nínú méjì. Àwọn ìyá ẹja, ogójì péré, ló wà nínú ẹ̀kẹta. Ọdún mọ́kànlá ló fi ṣà wọ́n jọ, lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi àti ẹ̀ la jọ kéwú nígbà èwe wa. Èmi ló kù síbẹ̀ tí mo di àfáà.

Lẹ́yìn Iléyá tó kọjá, ẹja táńkì àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú lára. Wọn ò jẹun mọ́, ojú wọn wú, àràárọ̀ ni Àlímọ̀t sì ń kó òkú wọn. Ó ránṣẹ́ pè mí, mo ṣe ohun tí mo mọ̀ ọ́n ṣe: mo fi tàdáà kọ àyà Kùránì fún ìwòsàn sára wàláà, mo fomi fọ̀ ọ́ sínú igbá, mo gbé hàntú náà lé e lọ́wọ́.

"Àfáà, ṣé èyí tó ń ṣàìsàn nìkan ni kí n dà á sí?"

"Dà á sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ààbò ò pọ̀ jù."

Ó da díẹ̀ sí táńkì àkọ́kọ́, ó fi igbá náà ro omi rẹ̀, ó sì bu omi ibẹ̀ kún hàntú tó kù kó lè kárí. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ ní èkejì, ó ṣe é ní ẹ̀kẹta. A ṣe àmín.

Kí ọjọ́ mẹ́jọ tó pé, èkejì ti ń dúdú. Àwọn ìyá ẹja nìkan ló ṣì ń ta pọ́ún-pọ́ún. Àwọn náà sì ni Francis, ọmọ ìdílé àwọn àgùdà kan, fẹ́ wá kó ní Sátidé fún oko ẹja tuntun tó dá sí Ẹ̀pẹ́.

Taslimah, ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n Àlímọ̀t, ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣèwádìí àìsàn ẹja. Ó wá lọ́jọ́ Ajé, ó mú ẹja méjì méjì nínú táńkì kọ̀ọ̀kan, ó gé ẹ̀dọ̀ wọn lọ. Lọ́jọ́bọ̀ ó padà wá, àwa mẹ́ta jókòó sórí bẹ́ǹṣì.

"Àǹtí, fáírọ́ọ̀sì ni. Ti táńkì kẹta náà ti bẹ̀rẹ̀."

"Taslimah, ojú ń dùn ẹ́ ni? Ẹja tó ń fò báyìí?"

"Ara lẹ̀yin ń wò, Àǹtí. Àwa wo inú sẹ́ẹ̀lì. Ẹ ṣáà mọ ọjà Ìdúmàgbò. Bí iná bá sọ níbẹ̀, kì í ṣe pé wọ́n máa kọ́ ṣọ́ọ̀bù tuntun. Aláṣọ á tilẹ̀kùn, ẹni tó ní omi á ṣí tiẹ̀. Bí àwọn jíìnì tó ń darí sẹ́ẹ̀lì ṣe rí nìyẹn. Àwọn kan wà fún kí ẹja dàgbà, àwọn kan wà fún ìjà. Nínú táńkì méjì yìí, ti ìdàgbàsókè ti tilẹ̀kùn, ti ìjà ló ṣí sílẹ̀ gbayawu. Nínú ti àwọn ìyá ẹja, ọjà ṣì ń lọ, ṣùgbọ́n ti ìjà ti ń ṣí. Wọ́n ti rí iná tí ẹ ò tíì rí èéfín rẹ̀."

"Wọ́n á wá kú?"

"Òmíràn á borí. Òmíràn, fáírọ́ọ̀sì náà á gba ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ ẹ̀, á máa fi ẹ̀rọ onílé ṣe ọjà tiẹ̀." Ó wo ilẹ̀ ìdí táńkì. "Kí ló ti inú táńkì àkọ́kọ́ dé àwọn yòókù?"

Àlímọ̀t yíjú sí àwọn ẹja. Ó ń bò mí láṣìírí. Èmi fúnra mi ni mo sọ ọ̀rọ̀ igbá.

"Kì í ṣe àyà Kùránì, Àfáà," Taslimah ní, jẹ́jẹ́. "Omi tẹ́ ẹ bù ni."

Mo mọ̀ pé òótọ́ ni. Síbẹ̀ mo délé, mo kírun, mo jókòó pẹ́ lórí ẹní. Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń kọ hàntú. Mo gbà pé Ọlọ́run ló ń wo àìsàn. Kí ló wá dé tí kò fi dá igbá yẹn dúró, n kò mọ̀. Mo bi í. N kò tíì gbọ́ èsì.

Ní Sátidé, Francis dé tòun ti àwọn ọ̀rá atẹ́gùn tí wọ́n fi ń gbé ẹja. Àlímọ̀t ò jẹ́ kó wọ ẹ̀yìnkùlé.

"Francis, ẹja mi ń ṣàìsàn."

Ó na ọrùn wò wọ́n. "Màmá, èyí tó ń ṣàìsàn ló lágbára jù mí lọ yìí? Ẹ sọ pé ẹ ti rí oníbàárà mìíràn."

"Inú ara wọn ni ó wà."

"Ẹ jẹ́ n kó wọn bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá kú, orí mi ni. N ò ní bú yín."

Mo rí i pé Àlímọ̀t wo àwọn ẹja náà pẹ́. Ọdún mọ́kànlá ló ń wò. Bí wọ́n bá kúrò nílẹ̀ lónìí, kò ní sí ẹni tó máa dá a lẹ́bi.

"Omi oko rẹ ń ṣàn lọ sọ́sà," ó ní. "Ìwọ lo gbà kí wọ́n kú sí ẹ lórí. Ẹja ọ̀sà ò bá ẹ gbà á."

"Màmá, ẹ̀yin náà ti le jù."

"Mo le. Máa lọ, ọmọ mi. Kó o sì fọ bàtà rẹ kó o tó dé oko."

Ó lọ, ó ra ẹja lọ́wọ́ ẹlòmíràn, kò sì padà wá.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn náà, mẹ́tàdínlógún ló kù nínú àwọn ìyá ẹja. Wọ́n rù, ṣùgbọ́n wọ́n ti ń jẹun. Taslimah ní ti ìdàgbàsókè ti ń ṣílẹ̀kùn padà, àmọ́ ìkankan ò gbọdọ̀ jáde, nítorí àìsàn náà lè ṣì fara pamọ́ sí wọn lára. Àlímọ̀t ní òun ò yára.

Mo yọjú sí i lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ó ń fún wọn lóúnjẹ.

"Ṣé kí n ṣàdúrà?" mo bi í. Ojú ń tì mí.

"Ẹ ṣe é, Àfáà. Ẹ ṣáà dúró síbẹ̀ yẹn ṣe é. Ọlọ́run ń gbọ́ láti ẹnu ọ̀nà."

Mo dúró síbẹ̀, mo sì ṣe é.